Ọ̀sẹ̀ Mẹ́ta Kí A Tó Tẹ Koríko

Ẹnikẹ́ni tó bá tẹ koríko tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ́, èmi àti onítọ̀hún la jọ máa wọ ṣòkòtò kan náà. Gbogbo ẹni tí mo ti bá ṣiṣẹ́ ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo ti lé ọ̀gá báńkì kan kúrò lórí koríko tó fi owó ara rẹ̀ rà. Mo ti sọ fún obìnrin kan pé kó wá ibòmíì sá aṣọ sí, ilé rẹ̀ sì ni o! Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, òfin mi kò yí padà rí: ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko, ẹsẹ̀ ò gbọdọ̀ kàn án. Ìyẹn ni wọ́n ṣe ń pè mí ní Ọ̀sẹ̀-Mẹ́ta ládùúgbò. Tẹ́lẹ̀, tí wọ́n bá pè mí bẹ́ẹ̀, inú ló máa ń bí mi. Ní báyìí, omi ló máa ń lé ròrò sí mi lójú.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé òfin náà, kí ẹ má baà rò pé ìkà èèyàn ni mí. Koríko Bẹ̀múdà tí mò ń tẹ́ yìí, kì í ṣe èyí tí wọ́n ń fọ́n hóró rẹ̀. Oko tí wọ́n ti gbìn ín ni wọ́n ti ń gé e tòun ti iyẹ̀pẹ̀ ìdí rẹ̀, wọ́n á ká a bí ẹní, wọ́n á kó o wá. Bó o bá ti tẹ́ ẹ sílẹ̀ tán, á máa tutù yọ̀yọ̀, o ó rò pé ó ti mú nìyẹn. Irọ́ ni. Ó kàn jókòó lórí ilẹ̀ ni, bí àlejò tí kò tíì tú ẹrù. Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí gbòǹgbò rẹ̀ tó wọlẹ̀. Tẹ́sẹ̀ bá tẹ̀ ẹ́ ṣáájú ìgbà yẹn, gbòǹgbò wẹ́wẹ́ á já, ilẹ̀ tó rọ̀ lábẹ́ á jìn, ojú ibẹ̀ á sì rí gbágungbàgun títí láé.

Iwájú ilé tèmi ńkọ́? Iyẹ̀pẹ̀ ni. Iyẹ̀pẹ̀, òkúta wẹ́wẹ́, àti ìdérí ìgò tí mi ò mọ ẹni tó ń jù wọ́n síbẹ̀. Lọ́dọọdún ni mò ń sọ fún ìyàwó mi pé tó bá di ọdún tó ń bọ̀, màá tẹ́ koríko síbẹ̀. Tí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, tí mò ń gbọn ẹrẹ̀ bàtà mi nù lẹ́nu ọ̀nà, á dúró tì mí, á ní, "Bàbá ọmọ mi, ẹ ti tẹ́ ti gbogbo ayé tán? Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde o."

Èmi náà á ní, "Ṣé koríko la fẹ́ jẹ ni?"

"Ẹsẹ̀ mi ló fẹ́ jẹ ẹ́," á dá mi lóhùn, á sì rẹ́rìn-ín wọlé.

Òótọ́ ló ń sọ, ẹ̀rín ló fi bò ó. Ilé ìfọṣọ ló ti ń ṣiṣẹ́, òun ló ń lọ aṣọ níbẹ̀. Ọdún méjìlélógún ló fi dúró lórí sìmẹ́ńtì láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́, tó ń na ṣẹ́ẹ̀tì oníṣẹ́ẹ̀tì. Tó bá délé, á ki ẹsẹ̀ bọ inú bàsíà omi, á ní ọjọ́ tí òun bá bọ́ lọ́wọ́ iṣẹ́, koríko tútù lòun fẹ́ máa tẹ̀ láràárọ̀, láìwọ bàtà. Mo máa ń ní, "Ọdún tó ń bọ̀." Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe sọ ọ́ títí.

Ẹ̀yìn ló kọ́kọ́ ń dùn ún. A rò pé iṣẹ́ ni. Nígbà tó fi máa hàn pé kì í ṣe iṣẹ́, ẹ̀pa ò bóró mọ́. Dókítà pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní kí n máa mú un lọ sílé, kí n sì máa ṣe ohun tó bá fẹ́ fún un. Mo bi í pé ìgbà wo ni ká padà wá. Ó wolẹ̀. Mo ní, "Dókítà, ṣé ilẹ̀ ló máa dá mi lóhùn ni?" Kò bínú. Ó fọwọ́ kàn mí léjìká, ìyẹn ló sì jẹ́ kó yé mi.

Ọmọ kan ṣoṣo tá a bí, obìnrin, olùkọ́ ni níbòmíì. Ó gbàyè lẹ́nu iṣẹ́, ó kó ẹrù rẹ̀ wálé. Àwa méjèèjì gbé bẹ́ẹ̀dì ìyá rẹ̀ sí pálọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé tó kọjú síta. Lọ́jọ́ kejì ni mo gbé ọkọ́. Ọjọ́ méjì ni mo fi tú ilẹ̀ yẹn, tí mo ṣa òkúta rẹ̀, tí mo fi réèkì fà á tẹ́jú bí orí tábìlì. Lọ́jọ́ kẹta, ọkọ̀ kó koríko dé. Bí bíríkìlà ṣe ń to búlọ́ọ̀kù ni mo ṣe tò ó, kí ìparí ọ̀kan má bàa bá ìparí èkejì dọ́gba. Ìyàwó mi ń wò mí láti ojú fèrèsé, ó ń ṣe ọ̀gá lé mi lórí.

"Ìlà yẹn wọ́ o!"

"Kò wọ́."

"Ó wọ́! Ṣé bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe ń tẹ́ ẹ fún ọ̀gá báńkì?"

Ó wọ́ lóòótọ́. Mo tú u, mo tún un tò. Mo ri èèkàn mọ́ igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mo ta okùn yí i ká. Lẹ́yìn náà ni mo mú bírò, mo fa àkámọ́ yí ọjọ́ kan ká lórí kàlẹ́ńdà tó wà lókè bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Ọjọ́ kọkànlélógún nìyẹn. Mo ní, "Lọ́jọ́ yìí, èmi fúnra mi ni màá gbé ẹ síta, tí wàá tẹ̀ ẹ́."

Ó wo kàlẹ́ńdà náà fún ìgbà díẹ̀. Ó ní, "Ọjọ́ yẹn kò jìnnà jù?"

Mo ní kò jìnnà rárá.

Ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ ni mò ń bomi rin koríko yẹn, láàárọ̀ àti lọ́sàn-án. Mi ò gbaṣẹ́ kankan. Nọ́ọ̀sì tó ń wá fún un lábẹ́rẹ́ fẹ́ gba àárín koríko kọjá nígbà kan, mo bú u tó bẹ́ẹ̀ tó fi jẹ́ pé àtìgbà náà, ó ń fẹ̀gbẹ́ rìn lára ògiri bí alákàn. Ìyàwó mi rẹ́rìn-ín títí ó fi bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́.

Lọ́jọ́ kẹsàn-án, ó pè mí.

"Ọ̀sẹ̀-Mẹ́ta, ẹ gbé mi síta."

"Kí lo fẹ́ ṣe níta?"

"Mo fẹ́ tẹ koríko mi."

"Ọjọ́ kẹsàn-án la wà."

"Mo mọ oǹkà."

"Tó o bá mọ oǹkà, o mọ̀ pé ó ku ọjọ́ méjìlá."

"Ìṣẹ́jú kan péré, Bàbá ọmọ mi. Ẹ wò mí." Ó gbé apá rẹ̀ sókè. Awọ àti eegun. "Ṣé èyí ló máa ba koríko jẹ́?"

Mo pariwo mọ́ ọn. Mo ní, "Òfin lòfin! Ṣé torí pé ìyàwó mi ni ẹ́ ni màá ṣe fọwọ́ ara mi ba iṣẹ́ mi jẹ́? Dúró kó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta!" Ọmọ wa sáré yọ láti ilé ìdáná, ó ń wo ẹnu mi. Ìyàwó mi gbé ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀ lórí aṣọ ìbora. Ó ní, "Ó dáa. Ẹ má bínú."

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, kì í ṣeé kó. Mo mọ òwe yẹn láti kékeré, mo sì máa ń fi kìlọ̀ fún ọmọ ọlọ́mọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ tí mi ò lè sọ fún un lọ́jọ́ yẹn. Kì í ṣe koríko ni mò ń ṣọ́. Mo ti rò ó lọ́kàn mi pé ẹni tó bá ń dúró de nǹkan kì í lọ. Tó bá ní ọjọ́ kan tó ń wò lórí kàlẹ́ńdà, á dé ọjọ́ náà. Tó bá sì dé e, màá tún wá òmíràn fún un: ọjọ́ tá a máa kọ́kọ́ gé koríko, ọjọ́ tá a máa tún un gé. Ṣùgbọ́n tí mo bá jẹ́ kó tẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ kẹsàn-án, kí ló tún kù tó máa dúró dè? Ẹ̀rù ló ń bà mí. Ìbẹ̀rù yẹn ni mo gbé ohùn ìbínú wọ̀.

Lọ́jọ́ kejì, mo lọ ra ajílẹ̀ ní òdìkejì ìlú. Nígbà tí mo dé, òun àti ọmọ rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín kíkíkí. Mo bi wọ́n pé kí ló ṣẹlẹ̀. Ó ní, "Ọ̀rọ̀ obìnrin ni." Koríko kan lẹ̀ mọ́ aṣọ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Mo yọ ọ́, mo bá ọmọ wí pé kò gbálẹ̀ dáadáa. Àwọn méjèèjì tún bú sẹ́rìn-ín. Inú mi dùn pé kò bá mi bínú.

Ọjọ́ kẹrìndínlógún ni. Ọ̀sán ni. Rọ́bà omi wà lọ́wọ́ mi nígbà tí ọmọ mi pè mí, ọ̀nà tó sì gbà pè mí, mo ti mọ̀. Mi ò ti tápù. Omi yẹn ṣàn títí ó fi dé títì, káfíńtà tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ló wá tì í. Mo di ọwọ́ ìyàwó mi mú, mò ń sọ fún un pé ó ku ọjọ́ márùn-ún, ọjọ́ márùn-ún péré. Kò gbọ́ mi mọ́.

Ọjọ́ kejìdínlógún la sin ín. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, ojú ń tì mí láti sọ ọ́. Nígbà tí wọ́n gbé pósí yọ lẹ́nu ọ̀nà, tí àwọn tó gbé e fẹ́ gba orí koríko dé ibi ọkọ̀, mo na ọwọ́. Mo ní kí wọ́n gba ẹ̀gbẹ́. Káfíńtà wà lára àwọn tó gbé e. Ó wojú mi, ó sì yà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Wọ́n fẹ̀gbẹ́ rìn lára ògiri. Bẹ́ẹ̀ ni ìyàwó mi ṣe kọjá lára koríko rẹ̀, tí kò tẹ̀ ẹ́. Ohun tí mo rò nìyẹn.

Nígbà tó pé ọjọ́ kọkànlélógún, mo jókòó sí pálọ̀, mò ń wo àkámọ́ tí mo fà. Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà ni mo jáde. Mo di igun koríko kan mú, mo fà á. Kò tú. Ó ti mú. Mo tú okùn, mo gbé ẹ̀rọ tí mo fi ń gé koríko, mo gbé abẹ rẹ̀ sókè dáadáa, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í tì í. Nígbà tí mo dé ọ̀gangan fèrèsé, táyà ẹ̀rọ náà jìn.

Mo kúnlẹ̀, mo fọwọ́ ya koríko. Ihò mẹ́rin wà níbẹ̀, kéékèèké, wọ́n dọ́gba bí igun àpótí. Níwájú wọn, ilẹ̀ jìn díẹ̀ ní ojú méjì. Ẹ ò lè fi irú ìyẹn tàn mí jẹ. Ẹnì kan ti gbé àga sórí koríko mi kó tó mú!

Mi ò mọ ibi tí ìbínú náà ti jáde. Látìgbà tá a ti sin ín, kò sẹ́ni tó gbóhùn sókè nínú ilé wa. "Ta ló tẹ koríko mi?" mo ké. "Mo ní ta ló tẹ̀ ẹ́!"

Ọmọ mi jáde, ọṣẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wo ibi tí mo kúnlẹ̀ sí.

"Màmá ni," ó ní.

Mo tún wo ihò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin náà.

"Ọjọ́ tí ẹ lọ ra ajílẹ̀ ni, Dádì. Wọ́n ní kí n pọ̀n wọ́n. Mo pọ̀n wọ́n, wọn ò wúwo rárá. Mo ti gbé àga síbẹ̀ sílẹ̀. Wọ́n jókòó, wọ́n fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Wọ́n ní ó ń rín àwọn ní ìgìgírì, wọ́n wá ń rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n wọn ò gbádùn ẹ̀ tán. Gbogbo ìgbà ni wọ́n ń wo géètì, wọ́n ń ní, 'Ṣé bàbá rẹ ò tíì dé? Ṣé kì í ṣe bàtà wọn ni mò ń gbọ́ yẹn?' Ká tó wọlé, wọ́n ní kí n fi kóòmù ya koríko náà kí ẹ má baà rí i."

Kóòmù. Kóòmù irun ni wọ́n fi ya koríko nítorí mi. Ìyàwó mi, lórí koríko ara rẹ̀, níwájú ilé ara rẹ̀, bí olè. Ẹnu mi ló sọ ọ́ di olè.

Mo bi ọmọ mi pé, "Ṣé ó bínú sí mi?"

"Rárá o." Ó fẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, ọṣẹ kàn án lẹ́rẹ̀kẹ́. "Wọ́n ní ẹ̀rù ló ń bà yín. Wọ́n ní kí n má sọ fún yín láé. Pé tó bá pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, tí ẹ bá gbé àwọn síta, àwọn á ṣe bíi pé àwọn ò tẹ̀ ẹ́ rí."