Orúnkún Mi Méjèèjì Gba Ìsinmi

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ojú oorun ọ̀sán ni mo ti lá àlá tí mo fẹ́ rọ́ fún yín yìí. Ilé ìwòsàn ni mo ti ń bọ̀ lánàá. Dókítà ní ara mi ti wúwo jù fún orúnkún mi, pé kí n máa gun kẹ̀kẹ́. Èmi, ọ̀gá ilé ìwé, ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́ta! Mo rẹ́rìn-ín, mo délé, mo sùn.

Bí mo ṣe sùn ni mo bá ara mi lórí pápá ilé ìwé wa. Orúnkún mi ọ̀tún ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Màmá, ó ti rẹ̀ wá o."

Mo ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́."

Tòsì dáhùn pé, "Ojoojúmọ́ lẹ̀ ń kí wa pẹ̀lẹ́. Ẹ lọ bá wa gba ìwé ìsinmi."

Mo wòkè, mo rí ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń gba ìwé ìsinmi, ó léfòó lókè igi máńgòrò. Ìyẹn ò yà mí lẹ́nu. Ohun tó bà mí nínú jẹ́ ni pé kò ní àtẹ̀gùn.

Kẹ̀kẹ́ kan fẹ̀yìn ti igi náà, ó ń wúkọ́. Ó ní, "Ẹ gùn mí, ká lọ."

"Ṣé o ò rí bí mo ṣe tóbi ni?"

"Mo rí i. Ẹ jókòó, kí n ru yín. Ẹsẹ̀ yín kàn máa yí ni."

Mo gùn ún. Afẹ́fẹ́ le bí ọ̀nà ọ̀dà lábẹ́ táyà. Orúnkún mi kò sọ nǹkan kan mọ́.

Nínú ọ́fíìsì, akọ̀wé kan bèèrè ìwọ̀n mi. Mo rọra sọ ọ́ sí i létí. Ó pariwo rẹ̀ fún gbogbo ẹni tó wà lórí ìlà, ó sì bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà di "mẹ̀ẹ́ẹ̀", irùngbọ̀n hù, akọ̀wé di òbúkọ, táì sì wà lọ́rùn rẹ̀ síbẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ìwé ìsinmi mi. Mo dúró kó jẹun tán, nítorí kò dáa kéèyàn máa dí òṣìṣẹ́ lọ́wọ́.

Nígbà tí mo yíjú, ìlà ti pòórá. Ìyá mi tó ti dolóògbé ló jókòó níwájú mi, nínú àga tó fi ọdún méje jókòó sí kó tó kú, nígbà tí orúnkún kò jẹ́ kó rìn mọ́. Ó ń ṣa ẹ̀gúsí.

"Wúràọlá, o ti dé? Wá gba àga yìí lọ́wọ́ mi."

Àga náà na apá méjèèjì sí mi.

Mo ní, "Màmi, mi ò tíì fẹ́ jókòó."

"Wọ́n ní kí èmi náà máa rìn nígbà yẹn, kí n máa ṣe eré ìdárayá. Ojú ló ń tì mí."

"Nítorí ta ni?"

Ó ronú, ó da ẹ̀gúsí ọwọ́ rẹ̀ sínú igbá. "Mi ò rántí orúkọ wọn mọ́."

Ó wá dìde, ẹni tí n kò rí lórí ìdúró fún ọdún méje. Mo tún gun kẹ̀kẹ́ mi, ó sì fọwọ́ tì í láti ẹ̀yìn bí ẹni ń kọ́ ọmọdé. Mo yí ẹsẹ̀, mo yí ẹsẹ̀, títí n kò fi gbọ́ ìró bàtà rẹ̀ mọ́.

Mo lajú. Aṣọ ìbora ti bọ́ sílẹ̀. Ọkọ mi dúró lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì.

"Ìyá Mojísọ́lá, ta lò ń fẹsẹ̀ lé kiri báyìí?"

Orúnkún ṣì ń dùn mí. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé kẹ̀kẹ́ yín jáde nínú yàrá ẹrù, kí ẹ fún táyà rẹ̀ ní afẹ́fẹ́."

"Níbo lò ń lọ?"

"Ibi tí gbogbo èèyàn á ti rí mi."

Ó lọ wá pọ́ńpù.