Ẹni Tó Ń Ṣọ́ Ojú Ọ̀run

Sunniva ló kọ́kọ́ gbọ́ ariwo náà. Kí Oddvar tó gbójú sókè, ẹlikópítà tó ń gbé aláìsàn ti yọ lórí òkè, ó ń fò nísàlẹ̀ gan-an. Sunniva tẹ ẹ̀rọ ọwọ́ rẹ̀, dírónù, ẹ̀rọ kékeré tó ń fò tó ń darí, sì já wálẹ̀ bí òkúta, ó dúró lófuurufú, kò ga ju yìnyín ilẹ̀ lọ púpọ̀. Ẹlikópítà kọjá lórí rẹ̀. Kò tiẹ̀ mọ̀ pé nǹkan kan wà níbẹ̀.

“Orí yọ wá,” ni Sunniva wí. Ó yíjú sí Oddvar, tó ti ṣe apẹja rí. “Bàbá apẹja, o ò rí i ni?”

“Ó yára jù,” Oddvar fèsì.

Irọ́ ni. Sunniva ló ń darí dírónù tó ń yẹ wáyà iná erékùṣù wọn wò lẹ́yìn ìjì. Iṣẹ́ ti Oddvar kò ju kó máa wo ojú ọ̀run lọ. Aṣọ́nà kì í wo àwòrán inú ẹ̀rọ. Ó mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n dírónù ti dé orí ilé tí wọ́n bí i sí, tí wọ́n ti tà. Òrùlé pupa tí bàbá rẹ̀ kùn ti di dúdú. Ó ní kóun yọjú wò ó díẹ̀. Díẹ̀ náà ló fẹ́ẹ́ pa ènìyàn.

Nínú ọkọ̀ tó ń gbé wọn padà sí ọ́fíìsì, ó ń rò ó. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún, ìwé rẹ̀ kò sì pọ̀. Ta ló máa tún gbà á síṣẹ́? Nínú ọkọ̀ ẹja tó ti lo ìgbà èwe rẹ̀, ẹni tó bá jẹ́wọ́ àṣìṣe, èbúté tó kàn ni wọ́n ń já a sí. Kó dákẹ́ ni? Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ.

Ní ọ́fíìsì, kọfí ti wà nílẹ̀. Ìṣe wọn ni: bí jàǹbá bá fẹ́ẹ́ ṣẹlẹ̀, wọn kì í tún gbé dírónù sókè títí wọn ó fi jókòó sọ ọ́. Gunnvor, ọ̀gá wọn, jókòó sórí àpótí bátìrì.

“Ẹ̀bi mi ni,” Sunniva bẹ̀rẹ̀. “Mo pẹ́ kí n tó gbé e wálẹ̀.”

Oddvar tẹjú mọ́ ife ọwọ́ rẹ̀. Tó bá dákẹ́, ọmọbìnrin yìí á gbé e rù.

“Rárá,” ó ní. “Kì í ṣe òun. Èmi ni. Mo... mo ń wo àwòrán. Ilé wa ni.”

Ó ń retí igbe ọ̀gá.

“Ibo lo dúró sí?” Gunnvor bi í.

“Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Sunniva.”

“Àwòrán náà sì kọjú sí ẹ?”

“Bẹ́ẹ̀ ni.”

Asbjørn tó ń tún dírónù ṣe wúkọ́. “Èmi náà máa ń wò ó o. Lọ́sẹ̀ tó kọjá tí mo ṣọ́nà, àgbọ̀nrín ń jẹ òdòdó lọ́gbà ìyàwó mi àtijọ́. Ńṣe ni mo ń sọ lọ́kàn pé kó jẹ ẹ́ tán!”

Sunniva bú sẹ́rìn-ín. Gunnvor kò rẹ́rìn-ín.

“Tó o bá ti sọ ọ́ nígbà yẹn ni, Asbjørn, tòní kì bá tí wáyé. Láti òní lọ, aṣọ́nà á kọ ẹ̀yìn sí ẹni tó ń darí.”

Lẹ́yìn náà ó gbé fóònù, ó pe àwọn tó wa ẹlikópítà náà, ó ròyìn ohun tí àwọn fúnra wọn kò rí fún wọn. Oddvar ń wò ó. Irú èyí kò ṣojú rẹ̀ rí.

Oddvar yọ kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ iṣẹ́, ó nà án sí Gunnvor, bí ẹni tí iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

“Kí n fi ṣe kí ni?” Gunnvor béèrè. “Wáyà ṣì kù lápá àríwá. Ìwọ lo máa ṣọ́nà. Ó yá, ẹ máa lọ.”

Lọ́sàn-án, Oddvar dúró nínú atẹ́gùn, ó kọ ẹ̀yìn sí Sunniva. Ẹ̀rù ṣì ń bà á, bó ṣe máa ń bà á lórí omi nígbà yẹn. Àmọ́ lórí omi, òun nìkan ló ń dá ẹ̀rù náà gbé.

Ẹyẹ òkun kan yọ, jìnnà réré, kò ju èékánná lọ.

“Ẹyẹ, lápá ọ̀tún!” ó ké.

“Mo ti gbọ́,” Sunniva dáhùn lẹ́yìn rẹ̀.