Ojú Tí Ìmọ́lẹ̀ Gbé Mì

Ojú lọ̀rọ̀ wà. Ẹni tí a kò bá rí ojú rẹ̀ mọ́, kí ni a ó máa wò bí a bá fẹ́ bá a sọ̀rọ̀?

Láti ìgbà èwe ni bàbá ti ń ya àwòrán òkè, odò àti pápá, síbẹ̀ kò ní àwòrán ìyàwó rẹ̀ kan tó dára. Ìyá kórìíra kámẹ́rà. Bí bàbá bá ti gbé e sókè, ìyá á ti fi aṣọ bojú: "Ẹ lọ ya òkè yín, òkè ò ní ìtìjú!" Nígbà tí ọlọ́jọ́ dé bá ìyá, àwòrán pélébé ara káàdì ìdánimọ̀ nìkan ni ojú rẹ̀ ti hàn. Níbẹ̀, ìyá fajú ro bí ẹni tí wọ́n jí adìẹ rẹ̀ gbé.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, bàbá wọ yàrá tí ọmọbìnrin rẹ̀ ti ń tún àwòrán ṣe lórí kọ̀ǹpútà.

"Òkè tí èmi àti ìyá rẹ jọ gùn kẹ́yìn rèé. Ìyá rẹ wà níbẹ̀. Bá mi yọ ojú rẹ̀ síta, kí n rí i gbé kọ́ ògiri."

Àwòrán mẹ́ta ni, ìran kan náà. Bí bàbá ti máa ń ṣe nìyẹn bí oòrùn bá wà lẹ́yìn òkè: yóò ya ọ̀kan kó ṣókùnkùn, kí àwọ̀ sánmà lè yọ, ọ̀kan ní ìwọ̀ntúnwọ̀nsì, ọ̀kan kó mọ́lẹ̀ gan-an, kí koríko àti òkúta inú òjìji lè hàn. Ọmọ á wá mú ibi tó dára lára wọn, á lẹ̀ wọ́n pọ̀ di ẹyọ kan.

Nínú èyí tó ṣókùnkùn, kò sí ìyá. Nínú èkejì, ó ti sáré wọ inú àwòrán, ó kẹ̀yìn sí kámẹ́rà, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ mú fìlà bàbá tí afẹ́fẹ́ gbé lọ. Nínú ẹ̀kẹta, ó ti nàró ní góńgó òkè, ó kọjú sí bàbá, ó na fìlà síwájú. Ara rẹ̀ hàn kedere, dórí bọ́tìnnì ẹ̀wù. Ṣùgbọ́n inú sánmà ni orí rẹ̀ bọ́ sí, sánmà sì ti funfun báláú.

"Ó ń rẹ́rìn-ín níbẹ̀," bàbá ní. "Ó ní, 'Ẹ̀ ń ṣọ́ òkè tí kò lè rìn, fìlà yín ń sá lọ!'"

Ọmọ fa ìmọ́lẹ̀ wálẹ̀ títí. Funfun di àwọ̀ eérú. Ojú kò yọ.

"Bàbá, èèyàn ṣì lè tú inú òkùnkùn, kó rí nǹkan. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá ti jẹ tán, kò sóhun tó kù tí mo lè fà yọ."

"Sánmà ti àkọ́kọ́ ńkọ́?"

Ọmọ gbé e lé ẹ̀kẹta. Sánmà náà pupa rẹ̀sùrẹ̀sù, ó lẹ́wà, ìyá sì di ara tí kò lórí. Bàbá yára gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Ṣé kí n mú ojú inú káàdì ìdánimọ̀?"

"Rárá o! Kó tún wá máa bínú sí mi lórí òkè?"

Ọmọ fẹ́ rẹ́rìn-ín, omijé ló jáde. "Tàbí kí n pa á rẹ́, Bàbá. Ohun tó bá ti mira láàárín mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ̀rọ yìí fúnra rẹ̀ á ní ká yọ ọ́. Òkè nìkan á kù, á mọ́ tónítóní."

Bàbá tẹ̀ síwájú. Ó ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ sí ara gíláàsì kọ̀ǹpútà náà:

"Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ mi, arìngbẹ̀rẹ̀ tí ilẹ̀ ò gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹlẹ́rìn-ín ẹ̀yẹ, ẹ̀rín rẹ á ṣáájú rẹ wọlé. Ọlọ́run á fọ̀run kẹ́ ọ."

Ó nu ojú rẹ̀.

"Gbé sánmà yẹn kúrò, ọmọ mi. Jẹ́ kó funfun bẹ́ẹ̀. Jọ̀wọ́, fi fìlà mi sílẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀."