Ọkàn Tó Bá Ẹ̀gbọ́n Tọ́ Oògùn Wò

Bí ẹ bá sọ fún ènìyàn pé ọkàn ẹnì kan ń lù nínú abọ́, tí ẹni tó ni ín sì wà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ tó ń rán ṣòkòtò, á ní irọ́ yìí pọ̀ ju ẹnu ẹni tó ń pa á lọ. Kì í ṣe irọ́ o. Níbi iṣẹ́ Alágbàtọ́, ohun tí wọ́n ń rí láràárọ̀ kí wọ́n tó mu tíì nìyẹn.

Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló sọ ọ́ ní Alágbàtọ́, torí ó ń tọ́jú sẹ́ẹ̀lì bí ẹni ń tọ́jú ọmọ ọlọ́mọ. Wọ́n á gba ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ lára ènìyàn, wọ́n á rọ sẹ́ẹ̀lì inú rẹ̀ títí yóò fi gbàgbé pé ẹ̀jẹ̀ lòun, tí yóò padà di ìkókó tí kò tíì yan iṣẹ́ kankan láàyò. Wọ́n á wá fi oúnjẹ, ooru àti sùúrù darí rẹ̀ sídìí iṣẹ́ ọkàn. Nígbà tó bá gbọ́n tán, á bẹ̀rẹ̀ sí í lù fúnra rẹ̀ nínú abọ́ pẹlẹbẹ, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni tì í. Ẹni tó bá rí i tí ẹnu kò yà á, kó tètè lọ ṣàyẹ̀wò ojú.

Iṣẹ́ ńlá ni àwọn ọkàn kéékèèké wọ̀nyí ń ṣe. Oògùn tó ń wo orí sàn lè ba ọkàn jẹ́, ta ló sì fẹ́ fi alààyè dán irú ẹ̀ wò? Àwọn ni wọ́n ń kọ́kọ́ tọ́ oògùn tuntun wò. Bí lílù wọn bá dúró ṣinṣin, ọ̀nà là. Bó bá ń kọsẹ̀, oògùn náà kò gbọdọ̀ dé ẹnu ènìyàn. Ara ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ènìyàn ni wọ́n ti mú wọn wá, nítorí gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tínú ń run.

Àwọ̀ ni wọ́n ń lẹ̀ mọ́ abọ́ dípò orúkọ. Aláwọ̀ ewé ni ti ẹ̀gbọ́n Alágbàtọ́, télọ̀ kan tó fi abẹ́rẹ́ rán an nílé ìwé nígbà tí bàbá wọn kú. Òun fúnra rẹ̀ ló mú àwọ̀ náà lọ́jọ́ tó wá fẹ̀jẹ̀ sílẹ̀. Ó ní, "Àwọ̀ ewé ni kẹ́ ẹ fún mi. Òwú ẹ̀ ló pọ̀ jù lọ́wọ́ mi, kò sẹ́ni tó ń rán an."

Aláwàdà ni, ṣùgbọ́n wárápá ń bá a jà. Lọ́jọ́ kan ó gbé e nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, abẹ́rẹ́ sì gba inú ìka rẹ̀ kọjá. Láti ìgbà náà ló ti da aṣọ bo ẹ̀rọ, ọwọ́ lásán ló fi ń rán nǹkan. Oògùn tuntun tó wà níwájú Alágbàtọ́ báyìí, ti wárápá ni, ó sì ti yege nínú gbogbo àyẹ̀wò tó ṣáájú. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n gbọ́, ó ká aṣọ kúrò lórí ẹ̀rọ, ó bu epo sí i. Ní alaalẹ́ ló ń pè lórí fóònù.

"Ṣé ọkàn mi ti jẹun?"

"Ó ti jẹun, ẹ̀gbọ́n mi."

"Ó kúkú sàn fún un. Èmi ò tíì fẹnu kan nǹkan."

Lọ́jọ́ tí wọ́n fi oògùn sínú àwọn abọ́, gbogbo wọn ń lù geere, àfi aláwọ̀ ewé. Ìlà tó ń fi lílù rẹ̀ hàn lórí kọ̀ǹpútà bẹ̀rẹ̀ sí í fà. Lílù kan kò ní tíì tán tí òmíràn á já wọlé, ó wá ń ta gọ́ọ́gọ̀ọ́ bí ẹni tó ń gun àtẹ̀gùn nínú òkùnkùn. Alágbàtọ́ sáré tọ ọ̀gá wọn lọ, ìyá àgbà kan tí ohùn rẹ̀ kì í ròkè.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ̀bi mi ni. Mo mú un pẹ́ níta. Òtútù ló mú un."

Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Láràárọ̀, aláwọ̀ ewé ló máa ń kọ́kọ́ gbé jáde nínú kọ́bọ́ọ̀dù olóoru, á kí i, á wò ó títí. Àwọn sẹ́ẹ̀lì yìí kò sì fẹ́ràn òtútù rárá, bó bá ti kàn wọ́n, lílù wọn á yí padà. Ìfẹ́ ló ń jẹ́ kó máa wò ó ju àwọn yòókù lọ.

Ọ̀gá wò ó. "Ṣé ẹ̀bi ẹ ni lóòótọ́, àbí o kàn fẹ́ kó jẹ́ ẹ̀bi ẹ?"

Alágbàtọ́ bojú wo ẹ̀yìn, síbi tí abọ́ náà wà.

"Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èèkù ara ẹ̀," ni ọ̀gá wí. "A máa tún un ṣe."

Ọ̀gá tìkára rẹ̀ ló to abọ́ tuntun, méjì méjì fún àwọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ó fi téèpù funfun bo gbogbo àwọ̀, ó fi oògùn sí àwọn kan, ó fi omi oúnjẹ wọn lásán, tí kò lóògùn, sí àwọn mìíràn, kò sì sí èyí tó kúrò nínú ooru. Alágbàtọ́ jókòó ti kọ̀ǹpútà láìmọ èyí tí í ṣe ti ta ni. Ó ń gbàdúrà bó ṣe ń ka ìlà. Nígbà tó yá, ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ sí í kọsẹ̀. Ó nawọ́ sí i. Ọ̀gá ṣí téèpù rẹ̀: àwọ̀ ewé. Ó tún ṣí ti abọ́ kan tó ń lù geere lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àwọ̀ ewé náà ni, omi oúnjẹ lásán ló wà nínú ẹ̀. Òtútù kọ́. Oògùn náà ni.

Àwọn tó ni oògùn pè, wọ́n ní abọ́ kan ṣoṣo ni, ẹ jẹ́ ká yọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọ̀gá kò gbóhùn sókè. "Èèyàn kan ni lójú yín, ó lẹ́ni tó ń pè é ní ẹ̀gbọ́n. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Ẹ lọ tún un pò." Ó sì gbé fóònù kalẹ̀. Bí kì í bá ṣe pé ojú ń ti Alágbàtọ́ ni, ì bá kúnlẹ̀ fún obìnrin náà níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n òun náà ló máa sọ ọ́ fún ẹ̀gbọ́n. Nígbà tó dé ṣọ́ọ̀bù, ẹ̀rọ ń dán, ó ń run epo. Ó sọ ọ́ bó ṣe rí, pé oògùn náà kò lè dé ẹnu rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n gbé ọwọ́ lé ẹ̀rọ náà. "Ká ní mo lò ó ńkọ́?"

"Ọkàn yín lè dúró, ẹ̀gbọ́n mi."

Ó mú aṣọ, ó da á bo ẹ̀rọ padà, ó fọwọ́ tẹ́ etí aṣọ náà dáadáa. Omijé ti ń bọ́ lójú àbúrò rẹ̀.

"Má sunkún," ló wí. "Ìyẹn tó tọ́ oògùn náà wò, ṣé ó ṣì wà láàyè?"

"A ti fọ oògùn náà kúrò. Ó ti ń lù dáadáa."

Ẹ̀gbọ́n wá wo abọ́ náà níbi iṣẹ́ lọ́jọ́ kejì. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ awò tó ń sọ ohun kékeré di ńlá. Ó rí i tó ń lù. Ọwọ́ rẹ̀ lọ sí àyà ara rẹ̀, ó wà níbẹ̀ títí. Lẹ́yìn náà ló ṣí fìlà.

"O ṣeun," ló sọ fún abọ́ náà. "Ìyà tó yẹ kí n jẹ lo jẹ."

Ó wá yíjú sí àbúrò rẹ̀. "Ṣé ó ti jẹun?"

"Kò tíì jẹun. Ẹ̀yin lẹ dúró sídìí ẹ̀, n ò ráyè fún un lóúnjẹ."

Ó yára sún sẹ́yìn, ó sì dúró pẹ̀lú fìlà lọ́wọ́ títí ọkàn inú abọ́ náà fi jẹun tán.