Ìlà Méjì Ìyá Dígí

Ìyá Dígí ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́, bẹ́ẹ̀ kò bí ọmọ kankan tó ń jẹ́ Dígí. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó yàwòrán òpó tó tín-ín-rín ju irun orí lọ: dígí lókè, dígí nísàlẹ̀, kóró bíńtín kan láàárín. Bí wọ́n bá ti fi àwòrán náà ṣe òpó, ìmọ́lẹ̀ á há sínú rẹ̀, á máa lọ, á máa bọ̀, títí òun àti kóró á fi wọnú ara wọn débi pé a ò ní mọ èwo ni èwo. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ìlà méjì á yọ lójú kọ̀ǹpútà.

Ìlà méjì yọ lọ́jọ́ Ajé. Ọ̀gá rẹ̀ pariwo, ó pe ìyá rẹ̀, kó tó wá rántí pe olùdarí. Olùdarí ní bó bá jẹ́ òótọ́, òun ò ní lé Ìyá Dígí àti ọ̀gá rẹ̀ lópin oṣù mọ́ bí òun ṣe pinnu tẹ́lẹ̀.

Inú Ìyá Dígí dùn títí di ọ̀sán ọjọ́ kejì, ìgbà tí ọkàn rẹ̀ sọ fún un pé àjèjì méjì pàápàá lè dúró ti ara wọn. Ìlà kan lè jẹ́ ti òpó, èkejì ti kóró, kí wọ́n má mọ ara wọn rí. Ọ̀nà tí wọ́n fi ń mọ̀ ò le: fíríìjì tí òpó wà nínú rẹ̀ ni wọ́n á mú móoru díẹ̀, kí ìlà kan lè sún mọ́ èkejì. Àwọn tó ti wọnú ara wọn á sún mọ́ra, wọ́n á tún yà. Àjèjì á kọjá lọ ní tiẹ̀.

Kò sẹ́ni tó rán an níṣẹ́. Ẹ̀rù bà á, nítorí ó mọ̀ pé òun lè fọwọ́ ara òun ṣe ara òun. Àmọ́ wọ́n ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ á bá a, kò sì lè dúró de ogún ọdún. Ó mú un móoru.

Àwọn ìlà náà kọjá lára ara wọn. Wọn ò tiẹ̀ kíra.

Ó gbé àwòrán òpó náà lọ bá ọ̀gá. "Ẹ má bínú sà. Àjèjì ni wọ́n."

"Ta ló ní kó o mú un móoru?"

"Ẹ̀yin ni sà, lọ́dún tí mo dé: ẹ ní ká máa dán gbogbo ìlà méjì wò. Ẹ tiẹ̀ lu tábìlì."

Ọ̀gá gbé fóònù, ó pe olùdarí. "A ṣìnà sà. Rárá o, kì í ṣe obìnrin yìí. Òun ló rí àṣìṣe náà, èmi ni mo kánjú." Ó wá ń dáhùn ṣáá pé bẹ́ẹ̀ ni sà, bẹ́ẹ̀ ni sà, títí ó fi gbé fóònù sílẹ̀.

"Wọ́n ní àyè ẹnì kan ló kù," ó ní. "Mo ní kí ìwọ dúró."

Omi lé ròrò sójú Ìyá Dígí. Ọ̀gá fa àwòrán náà sọ́dọ̀, ó mú pẹ́ńsùlù.

"Dígí òkè yìí ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ jò. Jókòó, ká jọ tún un yà kí n tó lọ."