Epo Ti Tán Nínú Ọkọ̀ Bàbá

Kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ sọ fún Bàbá Babáyẹmí pé ọkọ̀ òfuurufú wọn ti jábọ́. Ohun tó ń bí Abọ́sẹ̀dé nínú nìyẹn, ó sì ti bí i dé ọ̀fun.

Eré ogun orí páálí ni, òun ló sì ṣe é fúnra rẹ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ní Ìlá ló ti ń kàwé, àmọ́ gbogbo ọlidé tó kọjá ló fi gé páálí, tó ya òkè àti odò sí i, tó sì ń ronú lórí nọ́ńbà méjì tí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ń gbé kiri. Èkíní ń jẹ́ Ara: iye ìbọn tó lè bà á kó tó fọ́. Èkejì ń jẹ́ Epo: iye ìgbà tó lè rìn lókè kó tó di dandan pé kó padà balẹ̀ sí pápá rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, á jábọ́. Hóró àgbàdo ni wọ́n fi ń ka Epo. Bí ọkọ̀ bá ti rìn, wọ́n á mú hóró kan kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ara ọkọ̀ ajagun ńlá le, ṣùgbọ́n Epo rẹ̀ kì í pẹ́ tán. Ní ti ọkọ̀ aṣọ́nà kékeré, ìbọn kan ṣoṣo ti tó o, àmọ́ ó lè wà lókè títí tí ẹ ó fi gbàgbé rẹ̀. Kéèyàn mọ ìgbà tó yẹ kó lo èyí àti ìgbà tó yẹ kó lo tọ̀hún, adùn eré náà nìyẹn. Bàbá sì ń bà á jẹ́.

Oníṣòwò obì ládùúgbò wọn ni Bàbá, pálọ̀ wọn nìkan sì ni tábìlì tó gba páálí náà wà. Ọkọ̀ ńlá ni wọ́n máa ń mú. Bí àgbàdo bá tán, wọn kì í wálé. "Ta ló yìnbọn bà mí?" ni wọ́n á wí. Fúnminíyì àti Ọlámilékan, ọ̀rẹ́ Abọ́sẹ̀dé méjèèjì, á bẹ̀rẹ̀ sí í wo àjà. "Ẹ máa lọ, sà." Ọmọlúàbí ni wọ́n ń ṣe lójú ara wọn!

Lọ́jọ́ Sátidé kan, ọkọ̀ Bàbá, tí kò ní hóró kankan mọ́, fò wá sórí pápá ọkọ̀ Abọ́sẹ̀dé, ó fẹ́ dáná sun ún. Abọ́sẹ̀dé dìde nídìí tábìlì, ó kúnlẹ̀.

"Ẹ má bínú, sà. Ọkọ̀ yín ti jábọ́."

Bàbá na ọrùn wo ọkọ̀ náà.

"Ìbọn ta ló bà á?"

"Ìbọn ẹnikẹ́ni ò bà á, sà. Ara rẹ̀ ṣì pé. Epo ló tán."

"Ọkọ̀ tó le báyìí?"

"Ẹ̀rọ rẹ̀ ti kú, sà. Bó ṣe le náà ló ṣe ń já bọ̀ yẹn."

Bàbá rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ó dáa. Ìwọ lo ṣe é. Fi àgbàdo kún tèmi, ká máa bá eré lọ."

Abọ́sẹ̀dé rò ó wò. Bó bá fi kún un, ta ni yóò tún mú ọkọ̀ kékeré láyé? Gbogbo làálàá rẹ̀ á di eré ta-ló-dàgbà-jù.

"Rárá, sà," ó wí lórí ìkúnlẹ̀. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé ọkọ̀ náà kúrò, ó sì gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ife tíì wọn.

"Nínú ilé mi?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Nínú ilé yín."

"Kó páálí ẹ jáde!"

Ó kó o. Kò sunkún, inú ń bí i ju ẹkún lọ.

Nígbà tí Sátidé mìíràn dé, ó tẹ́ páálí náà sórí símẹ́ńtì lásán níwájú ṣọ́ọ̀bù ìyá rẹ̀, ó fi òkúta tẹ igun rẹ̀ mọ́lẹ̀ nítorí atẹ́gùn. Eruku ọ̀kadà ń bò wọ́n. Fúnminíyì àti Ọlámilékan yọ́ wá, wọ́n ń wẹ̀yìn bí olè. Kò pẹ́ tí eré wọ̀ wọ́n lára. Abọ́sẹ̀dé ti fẹ́ borí, ọkọ̀ kékeré rẹ̀ ti wọ pápá Ọlámilékan, ó ń rẹ́rìn-ín, kò tiẹ̀ wo ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ náà mọ́.

Ni òjìji kan bá bo páálí. Bàbá Babáyẹmí ni, wọ́n káwọ́ sẹ́yìn. Àwọn ọmọ kí wọn. Bàbá wo páálí náà títí, wọ́n wá nàka sí ọkọ̀ kékeré.

"Àgbàdo èyí dà?"

Abọ́sẹ̀dé wò ó. Kò sí hóró kankan níbẹ̀.

"Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sílẹ̀ ni, sà," Fúnminíyì sáré wí, ó sì ń wá hóró kan tó máa fi síbẹ̀.

"Má fi nǹkan kan síbẹ̀!" Abọ́sẹ̀dé ké mọ́ ọn. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi gbé ọkọ̀ náà kúrò, eré tó ti fẹ́ jẹ sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbójú sókè wo Bàbá, ojú rẹ̀ kò wálẹ̀.

"Mo ti jábọ́, sà."

Bàbá fa bẹ́ǹṣì ìyá rẹ̀ sún mọ́ páálí, wọ́n jókòó.

"Tún un tò," wọ́n wí. "Ọkọ̀ kékeré ni kó o fún mi lónìí. Kó o sì ka àgbàdo mi dáadáa."