Kabúrétọ̀ Ẹlẹ́nu Mẹ́rin

Ohun kan ṣoṣo ni Ìyá Wàlíyátù béèrè. Ojú ìyá ti fọ́ láti ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, ẹsẹ̀ ò sì gbé wọn jìnnà mọ́. Ìsúndúnrìn lẹ́bàá Ẹ̀jìgbò ni wọ́n jókòó sí jẹ́jẹ́, wọn ò yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Wọ́n kàn ránṣẹ́ sí Gàníyù, ọmọ ẹ̀gbọ́n wọn, pé kó tún Píjò bàbá rẹ̀ ṣe, kó wà á wá sẹ́nu ọ̀nà àwọn kí àwọn tó kú. Wọ́n ní ojú àwọn ò lè rí i mọ́, ṣùgbọ́n etí àwọn ṣì ń gbọ́.

Àgbà Ẹ̀jìgbò tí kò mọ ọkọ̀ náà kò pọ̀. Píjò 404 funfun ni, Àbíjàn ni olóògbé Alhaji Lùkmọ́nù ti rà á, gbogbo Iléyá ló sì máa ń wà á wálé. Bó bá ti já ẹrù sílé tán, ọ̀dọ̀ Wàlíyátù, àbúrò rẹ̀, ló kàn. Ìyá á ti máa gbọ́ ọ láti ìpẹ̀kun abúlé, nítorí pé ẹ́ńjìnnì náà máa ń kùn jẹ́jẹ́ bí àgbàlagbà tó ń kọrin sínú. Kí ọkọ̀ tó dúró, omi ìwẹ̀ ẹ̀gbọ́n wọn ti wà lórí iná. Ìgbà tí Alhaji kú, wọ́n ti ọkọ̀ náà sábẹ́ páànù, àwọn adìyẹ sì gbà á.

Èmi Matthias ni mẹkáníìkì tí Gàníyù gbé iṣẹ́ náà fún. Mo tú ẹ́ńjìnnì palẹ̀, mo pààrọ̀ ríìngì, mo fọ kabúrétọ̀ tó ń po epo pọ̀ mọ́ afẹ́fẹ́ mọ́ tónítóní. Láàárín oṣù méjì, ó ti ń kùn bíi ti àtijọ́. Ká ní a wà á lọ lọ́jọ́ yẹn ni, ọ̀rọ̀ ì bá ti parí.

Ṣùgbọ́n Gàníyù ti lo ogún ọdún ní Àbíjàn, nǹkan tí kò bá sì pariwo kì í tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ó ní ọkọ̀ náà ò lágbára. Ó padà sí Àbíjàn, ó sì gbé páálí kan dé. Kabúrétọ̀ méjì ló wà níbẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ́nu méjì, wọ́n ń dán yinrin. Páìpù èéfín kan tún wà níbẹ̀ tó nípọn tó apá mi, kò ní sàlẹ́ńsà tó ń pa ariwo rárá. Ó ní irú rẹ̀ ni àwọn tó ń fi ọkọ̀ díje ń lò. Mo bi í pé ta ló fẹ́ bá díje lọ sí Ìsúndúnrìn. Ó fọ Faransé, ó ní, *voilà*, ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ ò tíì rí ayé.

Ó yẹ kí n kọ̀. Mi ò kọ̀, nítorí pé èmi náà fẹ́ gbọ́ bó ṣe máa bú ramúramù. Mo dè é mọ́ ọkọ̀, mo di kabúrétọ̀ àti páìpù àtijọ́ sínú àpò, mo jù ú sínú búùtù. Mo wá ṣe ìbòrí kan sí ẹnu mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kí eruku má baà wọlé. Gàníyù tú u. Ó ní bí òun bá bò ó, báwo làwọn èèyàn ṣe máa rí i?

Ẹ mọ bí nǹkan ṣe rí nílé wa. Ohun tó bá ti Àbíjàn dé, gbogbo àdúgbò ló gbọ́dọ̀ wò ó, kí wọ́n ṣàdúrà sí i, kí olóhun tó lò ó. Oṣù mẹ́ta gbáko ni Gàníyù fi ń ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ó ṣí i níwájú mọ́ṣáláṣí, ó ṣí i nílé àwọn àna rẹ̀ ní Màsífà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Ìyá ránṣẹ́ pé ṣé ọkọ̀ ti yá. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló dáhùn pé agbára ẹ́ńjìnnì ṣì lè pọ̀ sí i. Ẹni tó jẹ́ iṣẹ́ ìkẹta sọ fún wa pé Ìyá ò fi bẹ́ẹ̀ jẹun mọ́.

Àárọ̀ ọjọ́ ọyẹ́ kan la tó gbéra, Gàníyù sì ti ránṣẹ́ sí Ìyá ṣáájú. Àwọn ewúrẹ́ sá fún wa. Nígbà tí a yà sí ọ̀nà eléruku, ẹnu mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bẹ̀rẹ̀ sí í gbé iyẹ̀pẹ̀ mì, ọkọ̀ sì ń wúkọ́. Mo rí Ìyá lókèèrè. Wọ́n ti wẹ̀, wọ́n ti wé gèlè Iléyá, wọ́n jókòó síta. Bí ariwo wa ṣe ń súnmọ́ wọn, wọ́n dìde, wọ́n táràrà mú ògiri, wọ́n wọlé, wọ́n sì ti ìlẹ̀kùn. Ọkọ̀ náà bú lẹ́ẹ̀kan sí i, ó sì kú síwájú ilé.

Gàníyù kan ìlẹ̀kùn, ó ní òun ni, òun ti dé.

"Gàníyù, jọ̀ọ́, bá mi sọ fún onítípà yẹn kó kúrò lẹ́nu ọ̀nà mi," ni Ìyá wí látinú ilé. "Ọkọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ni mò ń retí."

Ó fẹ́ máa ṣàlàyé agbára ẹ́ńjìnnì fún wọn, ìlẹ̀kùn ò ṣí. Ojú tì mí, nítorí pé ọwọ́ mi ló de gbogbo ẹ̀. Mo ṣí búùtù, mo fa àpò náà jáde. Gàníyù wò mí, kò sọ *voilà*. Ó bọ́ agbádá rẹ̀, ó dùbúlẹ̀ sínú iyẹ̀pẹ̀ lábẹ́ ọkọ̀, ó ń bá mi di páìpù mú. A tú ti Àbíjàn, a dá ti àtijọ́ padà, títí wọ́n fi pe ìrun àílà.

Mo yí kọ́kọ́rọ́. Ọkọ̀ wúkọ́ díẹ̀, lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í kùn.

Ìlẹ̀kùn ṣí. Ìyá rìn dé ibi ọkọ̀ láìjẹ́ kí ẹnikẹ́ni mú wọn lọ́wọ́, wọ́n gbé àtẹ́lẹwọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì. Wọ́n pẹ́ níbẹ̀. Mo yíjú sápá kan, torí omijé ti ń lé sí mi lójú.

"Ẹ gbé omi kaná," ni wọ́n wí. "Ẹ̀gbọ́n mi ti dé."

Gàníyù dúró lẹ́yìn wọn, ó gbé kabúrétọ̀ ẹlẹ́nu mẹ́rin mọ́yà, kò rí ẹni tó máa fi hàn. Nígbà tó yá, ó gbé e sílẹ̀ lẹ́bàá ògiri, ó sì lọ dáná.